Abọ́ Dẹ́pítẹ̀

Ní ilé Ìyá Eugénie ní Sakété, ẹni tó ń kọ́kọ́ jẹun láàárọ̀ kì í ṣe baálé ilé, kì í ṣe ọmọ ọwọ́, kì í sì í ṣe obìnrin tó dáná. Àgbò ni. Àgbò funfun ńlá kan báyìí tí ojú rẹ̀ kan dúdú, tí wọ́n so mọ́ ìdí máńgòrò, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dẹ́pítẹ̀, ìyẹn aṣòfin, nítorí pé ó ń jẹ, ó ń sùn, ó ń sanra, kò sì sẹ́ni tó tíì rí iṣẹ́ kan tó ṣe. Abọ́ tánganran tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, wọ́n ya òdòdó pupa sínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi abọ́ yẹn bu omi, Ìyá Eugénie á pariwo tí wọn á gbọ́ dé ọjà.

Ẹ wá wo ohun tó ń wọ inú abọ́ náà láràárọ̀. Èérí àgbàdo tí Prudence, ìyàwó ilé, sẹ́ kúrò lára ògì. Èèpo ẹ̀wà. Pàǹtí sójà tí Màrúfátù, aládùúgbò wọn tó ń din wàrà sójà tà, ń gbé wá nínú ike nígbà tó ṣì ń gbóná. Ìyá Eugénie á fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò ó pọ̀, á wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i, á wá tọ́ ọ wò kí iyọ̀ má baà pọ̀ jù fún àgbò. Mo ní á tọ́ ọ wò! Kò sí ọjọ́ kan tó tọ́ oúnjẹ ọmọ wò.

Nítorí ọmọ wà nínú ilé náà o. Chancelle ni orúkọ rẹ̀, ọmọ oṣù mọ́kàndínlógún. Prudence ló bí i fún Wilfried, ọmọkùnrin Ìyá Eugénie, tó ń gun sẹ́mì, ìyẹn ọ̀kadà akérò, láàárín Sakété sí Pobè. Ohun tí Chancelle ń jẹ kò gba àlàyé. Ògì láàárọ̀ pẹ̀lú ṣúgà oníkóró méjì. Ògì lọ́sàn-án. Lálẹ́, wọ́n á fún un ní ẹ̀kọ, tí í ṣe ògì kan náà tó ti dì, wọ́n á fi omi ọbẹ̀ kàn án lójú. Bí ẹja bá wà nínú ọbẹ̀, orí rẹ̀ di ti Wilfried nítorí òun ló ń rin ìrìn ewu lójú títì. Àárín di ti Ìyá Eugénie nítorí àgbà. Ìrù di ti Prudence. Omi tí ẹja ti wẹ̀ nínú rẹ̀ ni ti Chancelle.

Àwọn kan á ní ìṣẹ́ ni. Irọ́ ni! Inú ń bí mi ni mo ṣe ń sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: kò sí ebi nínú ilé yẹn. Adìẹ mẹ́fà ń yé ẹyin lẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹ̀pà wà nínú àpò, epo pupa tí Wilfried gbé bọ̀ láti Pobè kún kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu. Oúnjẹ wà, ó kàn ń kọjá níwájú ẹnu ọmọ ni, ó ń lọ sọ́dọ̀ àgbò, ó ń lọ sọ́jà.

Prudence pàápàá kì í ṣe ọ̀lẹ. Ògì rẹ̀ ló funfun jù ní Sakété. Aṣọ kan ni ẹlòmíì ń fi sẹ́ ògì, Prudence ń fi méjì sẹ́ ẹ, á tún da omi lé e, á tún un sẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, títí gbogbo ohun tó bá ní àwọ̀ nínú àgbàdo á fi kúrò níbẹ̀. Àwọn obìnrin ń ti Ahoyéyé àti Issaba wá rà á fún ọmọ wọn. "Ògì Prudence, kò ní ìdọ̀tí!" Òótọ́ ni. Kò ní ìdọ̀tí, kò sì ní nǹkan mìíràn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí mò ń wí yìí, Iléyá ku ọjọ́ mọ́kànlá. Màrúfátù mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá láti wo Dẹ́pítẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì ni orúkọ ẹ̀gbọ́n náà. Ó máa ń ra àgbò ní àwọn abúlé, á kó wọn lọ tà ní Porto-Novo, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Wá wo ọkùnrin!"

Ọ̀ṣẹ́nì lóṣòó, ó fọwọ́ tọ ọ̀pá ẹ̀yìn àgbò náà láti òkè dé ìdí, ó ya ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, ó la ẹnu rẹ̀, ó wá ki ọwọ́ bọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó tẹ ibẹ̀ dáadáa.

"Kí lò ń wá lábẹ́ àgbọ̀n?" Ìyá Eugénie bi í.

"Omi ni, Ìyá. Àgbò kan wà tí ẹ máa rò pé ó sanra, kẹ́ ẹ tó mọ̀, omi ló gbà sára. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn. Irú rẹ̀ kì í dé Iléyá. Ṣùgbọ́n ti yín yìí, máṣáálàh, ẹran gidi ni."

Inú Ìyá Eugénie dùn, kò mọ ibi tó máa gbé ara sí. "Àgbò nìkan lo tíì rí! Ẹni méjì ni mò ń bọ́ nílé yìí. Ìyàwó! Gbé Chancelle wá fún mi!"

Prudence gbé ọmọ náà wá, ó gbé e lé ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì sáré padà sídìí ìkòkò ògì nítorí oníbàárà méjì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Chancelle jókòó síbi tí wọ́n gbé e jókòó sí. Kò wo àgbò, kò wo àlejò.

"Wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bó ṣe yí roboto!" Ìyá Eugénie ń yangàn. "Wo irun rẹ̀, ó ń pọ́n, irun yòfó ni, irun òyìnbó! Kì í sì í sunkún. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn o ò ní mọ̀ pé ọmọdé wà nílé. Ọmọ jẹ́jẹ́."

Ọ̀ṣẹ́nì rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ láti bá ọmọ náà ṣeré. Bóyá ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni, èmi ò mọ̀. Ó di ẹsẹ̀ Chancelle mú, ó fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ náà, ó gbé e kúrò. Ojú ibẹ̀ jìn wọlé, kò sì padà.

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀ṣẹ́nì. Ó tẹ ẹsẹ̀ kejì. Òun náà jìn.

"Ìyá," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "ẹ má bínú sí mi o. Ọmọ yìí ò sanra. Omi ni."

"Omi bíi ti báwo?"

"Irú èyí tí mò ń wá lábẹ́ àgbọ̀n yẹn. Ká ní àgbò ni, Ìyá, mi ò ní rà á."

Háà! Ìyá Eugénie dìde tòun tọmọ. "Ọmọ-ọmọ mi lo fi wé àgbò? Ìwọ Ọ̀ṣẹ́nì! Nínú àgbàlá mi!"

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ pé ẹni méjì lẹ ń bọ́."

"Pa ẹnu rẹ dé! Ta ló ní kó o wo ọmọ? Ṣé o fẹ́ rà á ni? Dókítà àgbò ti di dókítà ọmọ! Màrúfátù, mú ẹ̀gbọ́n rẹ kúrò ńlẹ̀ yìí kí n tó da omi ògì lé e lórí!"

"Ìyá, ẹ rọra," Màrúfátù bẹ̀ ẹ́.

"N ò rọra! Ẹsẹ̀ ọmọ tó sanra, ẹ ní omi ni. Bó bá rù, ẹ ó ní a fi ebi pa á. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?"

Ariwo yìí ni Prudence gbọ́ tó fi jáde, ògì funfun báláú ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó rí ihò méjì náà, ara rẹ̀ sì tutù nítorí pé ó ti mọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọmọ náà lẹ́yìn ìsìn, àpá ẹnu ìbọ̀sẹ̀ yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bí òrùka, kò sì pòórá títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ó rí i. Ó fi aṣọ bò ó. Ó fẹ́ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ ní ọjọ́ Ajé, ó sì ro ìbéèrè tí wọ́n máa bi í níbẹ̀: kí lọmọ ń jẹ? Ta ló máa tún ra ògì lọ́wọ́ obìnrin tí ògì ṣe ọmọ tiẹ̀ báyìí? Ló bá dúró sílé. Ìyá nìyẹn o, ẹni tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù ọjà ló bà á, ó sì fi ọjọ́ mẹ́rin ọmọ náà ṣòfò.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà méjì náà ti na ọrùn wo àgbàlá. Ó rọra fa abọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó ní òun ń bọ̀. Kò padà wá.

Màrúfátù bá gbójú lé Prudence. "Ìyá Chancelle, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kan, kó o bínú bó o bá fẹ́. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ọmọ yìí ń rá wá sídìí abọ́ àgbò lójoojúmọ́, ó ń fọwọ́ kó pàǹtí sójà mi jẹ. Mo rí i. Gbogbo wa rí i, a fi ṣe ẹ̀rín. Ara rẹ̀ le nígbà yẹn. Ó ń ké, ó ń jà."

"Ẹ̀yin lẹ fi ṣe ẹ̀rín," Ìyá Eugénie dá a lóhùn. "Èmi, mo na ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ mi kì í ṣe ẹran. Mo sì ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n, kò débẹ̀ mọ́."

"Ìyá, ṣé ó gbọ́n ni, àbí kò lè rá mọ́?"

Dẹ́pítẹ̀ nìkan ló ń dún, ó ń fi eyín ha etí abọ́ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Wilfried gun ọ̀kadà wọlé láti wá jẹun. Kò mọ nǹkan kan, ebi ń pa á. Ó jókòó, ó ṣí abọ́, ó rí ẹ̀kọ, ó rí orí ẹja, inú rẹ̀ dùn. Wọ́n rò fún un. Ó ń jẹun, ó ń gbọ́.

"Ẹ jẹ́ ó di ọ̀sán," ó ní. "Mo ní èrò tí mo fẹ́ gbé lọ Ahoyéyé. Bí mo bá dé, a ó wò ó."

"Bàbá Chancelle, ẹ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò," Prudence wí.

"Èmi kì í ṣe dókítà. Ẹ̀yin obìnrin lẹ mọ ọ̀rọ̀ ọmọ, ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú oúnjẹ. Bí èmi bá fi ọ̀nà sílẹ̀, kí la máa jẹ?"

Prudence na ọwọ́ sínú àwo ọkọ rẹ̀, ó gbé orí ẹja náà. Ẹ gbọ́ mi, nínú ilé yẹn, kò tíì sí obìnrin tó dá irú ẹ̀ wò rí. Wilfried di ẹ̀kọ mú lọ́wọ́, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n já ní báàgì. Prudence yọ ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà, ó ṣa egungun kúrò, ó fi í sẹ́nu ọmọ rẹ̀.

Ó jábọ́. Chancelle kò tu ú, kò jẹ ẹ́, ó kàn jẹ́ kó jábọ́ láti ẹnu, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Prudence tún fi òmíràn sí i. Ìyẹn náà jábọ́.

"Kò jẹ ẹja," Wilfried wí, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó gbé àwo sílẹ̀, ó dìde, ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ọ̀kadà. Ẹni tó fẹ́ lọ Ahoyéyé wá sẹ́mì mìíràn.

Ọ̀kadà kan náà ló gbé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: Wilfried níwájú, Prudence pẹ̀lú ọmọ láàárín, Ìyá Eugénie lẹ́yìn, ó ń ṣépè fún Ọ̀ṣẹ́nì láti ilé dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Kò fẹ́ wá tẹ́lẹ̀. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ létí ara òun nígbà tí wọ́n bá sọ pé ọmọ sanra ni.

Obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé níbẹ̀ ni Zouleiha, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tó sì ń pa àwọn ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Ó gbé Chancelle sórí ìwọ̀n, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó fi okùn aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń mọ ọmọ tó rù yí i ní apá, ó bọ́ sí ìyeyè, àwọ̀ ìkìlọ̀. Ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó kà lábẹ́nu, ó gbé wọn kúrò. Ihò méjì.

"Kí lọmọ ń jẹ?"

Ìbéèrè náà dé. Àwọn obìnrin bíi mẹ́jọ jókòó sórí àga gígùn lẹ́yìn Prudence, ó sì mọ mẹ́ta nínú wọn dáadáa. Èyí tó wá láti Issaba gbé àpò sí ẹsẹ̀, ògì tó rà lọ́wọ́ Prudence láàárọ̀ yẹn ló wà nínú rẹ̀, ewé rẹ̀ yọrí síta.

"Ohun gbogbo," Prudence dáhùn kíá. "Ẹja. Ẹ̀wà. Ẹyin."

"Ẹyin mélòó lọ́sẹ̀?"

Ìyá Eugénie, tí kò mọ̀ pé irọ́ ń lọ lọ́wọ́, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹyin kẹ̀? Fún ọmọdé? Kó lè di olè? Ọmọ wa ò fọwọ́ kan ẹyin rí, a dúpẹ́."

Zouleiha yíjú sí i. "Màámi, èmi jẹ ẹyin ní kékeré o. Ẹ wo báàgì yín bóyá ó pé."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Zouleiha kò bá wọn rín in. Ó tún kọjú sí Prudence, ó dúró. Kò tún ìbéèrè náà bi. Bó ṣe dúró yẹn ló burú jù.

"Ògì ni," Prudence wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"N ò gbọ́."

"Ògì ni! Ògì mi! Òun ló ń jẹ láàárọ̀, òun ló ń jẹ lọ́sàn-án, òun náà lẹ̀kọ tó ń jẹ lálẹ́. Èyí tí mò ń tà. Èyí tí mò ń tà fún gbogbo yín." Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Obìnrin Issaba wo àpò rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà wò.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́," Zouleiha wí. "Ògì ò ṣẹ̀ yín. Ẹni tó bá mu ún pẹ̀lú nǹkan mìíràn, kò ní í ṣe é ní nǹkan. Òun nìkan ló burú. Ikùn á kún, ọmọ á dákẹ́, ẹ ó rò pé ó yó. Ara rẹ̀ sì ń wá ohun tó máa fi dàgbà: ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, sójà, ẹ̀pà. Bí kò bá rí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara òun fúnra rẹ̀. Omi á wá gba àyè ẹran. Kí lẹ ń fi èérí ṣe tẹ́ ẹ bá sẹ́ ògì?"

"Àgbò là ń fún."

"Èérí nìkan?"

"Àti èèpo ẹ̀wà," Ìyá Eugénie dá sí i, ohùn rẹ̀ ti ń kéré. "Àti pàǹtí sójà."

Zouleiha gbé bírò sílẹ̀. "Àgbò náà ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ara rẹ̀ le."

"Mo gbà yín gbọ́."

Ó wá mú ọ̀rá pupa kékeré kan jáde, ó já ẹnu rẹ̀. Ẹ̀pà lílọ̀ ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ti pò mọ́ mílíìkì, ṣúgà àti òróró. Ó ṣàlàyé fún wọn, kò sì fi ọ̀rọ̀ ṣeré lọ́tẹ̀ yìí. Bí Chancelle bá jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀ níwájú òun, tó jẹ ẹ́ dé ìwọ̀n tí òun fẹ́, wọ́n á gbé oògùn àti ọ̀rá mìíràn lọ sílé, wọ́n á máa gbé e wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí kò bá jẹ ẹ́, ọkọ̀ á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà. "Ọmọ tó bá wú, tó sì kọ oúnjẹ, kì í sùn sílé. Mo ti rí èyí tó sùn sílé." Kò sẹ́ni tó bi í bó ṣe parí.

Prudence fi ṣíbí fún Chancelle. Chancelle yí orí. Ó fi ìka fún un. Ó pa ẹnu dé. Ó fi sí ètè rẹ̀, ó jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀. Zouleiha ní kí wọ́n má fi tipátipá ki í bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n gbé e jókòó síbi tó dákẹ́, kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wilfried ń wọlé, ó ń jáde. Ó sọ fún ọmọ náà pé bó bá jẹ ẹ́, òun á rà á ní ọ̀kadà. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó bínú sí Prudence, ó bínú sí ara rẹ̀, ó jáde lọ dúró nínú oòrùn. Wákàtí kan kọjá. Awakọ̀ ti wá béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá wọ́n ń lọ.

Láti ìgbà tí wọ́n ti béèrè àgbò ni Ìyá Eugénie ti ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń po oúnjẹ Dẹ́pítẹ̀, ọwọ́ tó fi na Chancelle. Lójijì ó dìde, ó jáde lọ bá ọmọkùnrin rẹ̀.

"Gbé mi délé."

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe nílé nírú àkókò yìí?"

"Mo ní gbé mi délé!"

Nígbà tí wọ́n dé ìdí máńgòrò, Dẹ́pítẹ̀ kò tíì jẹun tán. Ìyá Eugénie gba abọ́ náà lẹ́nu rẹ̀, ó da ohun tó kù sílẹ̀. Àgbò náà wò ó. Ó fi ọṣẹ àti iyanrìn fọ abọ́ náà, ó tún un fọ̀, ó da omi gbígbóná lé e, ó gbé e mọ́ àyà, ó gun ọ̀kadà lẹ́yìn Wilfried. Gbogbo àdúgbò ló rí i. Láti ẹnu ọ̀nà Màrúfátù dé ìkóríta ni wọ́n ti ń sọ ọ́: àwọn kan ní orí Ìyá Eugénie ti dàrú, àwọn kan ní ó ń gbé abọ́ àgbò lọ fún àwọn dókítà kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá májèlé wà níbẹ̀. Ìyá Eugénie gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Obìnrin tó máa ń dá èébú padà kó tó dé etí rẹ̀, kò dá ẹnì kankan lóhùn.

"Kí lèyí, Màámi?" Zouleiha bi í.

"Abọ́ àgbò ni."

Zouleiha gba abọ́ náà, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó nù ún gbẹ. Ó fún ẹ̀pà lílọ̀ náà sórí òdòdó pupa, ó gbé abọ́ náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú Chancelle, ó sì ní kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn.

Chancelle wo abọ́ náà. Ó pẹ́ tó ti wo nǹkan báyẹn. Ó fi ojú wá àgbò lápá ọ̀tún, ó fi ojú wá a lápá òsì, kò rí i. Ó wá wo ìyá bàbá rẹ̀, ó wò ó gidi, ọwọ́ tó nà sí abọ́ sì dúró lófuurufú.

Ọ̀ràn yẹn gún Ìyá Eugénie dé inú egungun. Ọmọ náà ń dúró de ẹgba.

"Jẹ ẹ́, ìyá mi," ó ní, ó sì ká ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. "Jẹ ẹ́. N ò ní nà ọ́. Jẹ ẹ́, jọ̀ọ́."

Ìka mẹ́ta wọ inú abọ́. Wọ́n jáde, wọ́n wọ ẹnu. Ẹnu náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, Prudence sì ń bá a lọ ẹnu tirẹ̀ láìmọ̀. Ìka mẹ́ta tún padà. Wilfried dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò wọlé, kò jáde. Zouleiha wo aago. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún fún ẹ̀pà sí i, Chancelle sì tẹ orí síwájú báyìí, ó fi ọwọ́ kejì di etí abọ́ mú bí ìgbà tó máa ń bá àgbò fà á.

Nígbà tó tó ìwọ̀n tí wọ́n ń wá, Zouleiha bẹ̀rẹ̀, ó gbé abọ́ náà láti wo iye tó kù nínú rẹ̀.

Chancelle ké. Kì í ṣe ẹkún kékeré o. Ó la ẹnu, ẹ̀pà yí ẹnu náà ká, ó ké tí awakọ̀ fi sáré wọlé, ó ń fi ẹsẹ̀ wíwú náà lu ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lẹkún yẹn ti wà nínú ọmọ náà. Prudence fẹ́ sáré gbé e.

"Ẹ fi í sílẹ̀ ná," Ìyá Eugénie wí, ojú rẹ̀ kún fún omi. "Ẹ jẹ́ ó ké. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n gbé ọmọ náà délé pẹ̀lú oògùn àti ọ̀rá pupa tó máa tó o di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Zouleiha ti kìlọ̀ fún wọn pé òun nìkan ni kó máa jẹ ná, pé ẹyin àti ẹja á tẹ̀ lé e bí ẹsẹ̀ bá ti sọ̀. Màrúfátù ti dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ike pàǹtí sójà rẹ̀, kò mọ̀ bóyá kóun fi í sílẹ̀ tàbí kóun gbé e padà. Lábẹ́ máńgòrò, Dẹ́pítẹ̀ ń pariwo. Ó rí Ìyá Eugénie, ó rí abọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa okùn.

Ìyá Eugénie gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó gbé abọ́ náà wọlé.

"Ìyá," Wilfried pè é, "kí ni Dẹ́pítẹ̀ máa wá jẹ báyìí?"

"Kó jẹ koríko. Ṣebí àgbò ni."